Èló ló yẹ kí àgbẹ̀ fi pamọ́ nínú owó oko?

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa ní ẹkùn Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ìbéèrè kan wà tí ẹ máa ń bi wá ní ìpàdé ẹgbẹ́ lẹ́yìn ìkórè. Kì í ṣe ti ajílẹ̀, kì í sì í ṣe ti kòkòrò. Ẹ máa ń ní: "Ọ̀gá, owó tí mo rí yìí, èló ni kí n fi pamọ́? Ibo ni kí n fi í sí?" Ìyá kan ní Agbówà tilẹ̀ là á mọ́lẹ̀ fún wa pé òun kò bèèrè bí òun yóò ṣe rí owó o. Òun ń rí i. Ọ̀nà tó ń gbà lọ ni òun kò mọ̀.

Ìmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ ni pé kí ènìyàn yọ náírà kan nínú mẹ́wàá lóṣooṣù, kó tó fọwọ́ kan ìyókù. Ìmọ̀ràn náà dára fún olùkọ́ tàbí akọ̀wé tí owó ń wọlé fún lóṣooṣù. Àgbẹ̀ kì í gba owó oṣù. Ẹni tó gbin ẹ̀gẹ́ lè má rí owó gidi fún oṣù mẹ́wàá tàbí ọdún kan, kó wá gba gbogbo rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó ń sin ẹja àrọ̀ yóò máa da oúnjẹ sómi fún oṣù márùn-ún tàbí mẹ́fà kó tó pe oníbàárà. Nígbà tí owó bá wá dé, ó máa ń dé wìì, ojú a sì ṣókùnkùn. Àṣìṣe tí a ń rí jù nìyí: a ń wo gbogbo owó tí oníbàárà kà sí wa lọ́wọ́ bí ẹni pé èrè ni. Kì í ṣe èrè.

Ẹ kọ́kọ́ yọ èbù

Gbogbo wa la mọ èbù iṣu. Bó ti wù kí ebi pa ilé tó, àgbẹ̀ kì í se èbù jẹ, torí kí ni yóò gbìn lọ́dún tó ń bọ̀? Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ojú owó rí. Ojú owó ni èbù tó wà nínú owó oko. Ẹ yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ tó sọ pé ẹ ń fi owó pamọ́, nítorí pé àgbẹ̀ tó ń fi owó pamọ́ láti inú ojú owó rẹ̀ ń tan ara rẹ̀ jẹ ni.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò ṣe é. Àpẹẹrẹ lásán ni o, ẹ fi iye tiyín rọ́pò rẹ̀. Ká sọ pé ẹ ta ẹ̀gẹ́ yín, ẹ rí ₦600,000. Ìṣánko, igi ẹ̀gẹ́, owó àwọn tó kọ ebè, ìroko, oògùn apakoríko àti owó ọkọ̀ jẹ́ ₦220,000 lọ́dún tó kọjá. Èló ni ojú owó? Ọ̀pọ̀ yóò dáhùn pé ₦220,000. Níbẹ̀ gan-an ni ẹsẹ̀ ti ń yọ̀. Iye tí ẹ ná lánàá kọ́ ni ẹ máa yọ, iye tí iṣẹ́ kan náà yóò gbà lọ́dún tó ń bọ̀ ni. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn lébìrà, ẹ bèèrè ní ilé ìtajà oògùn oko. Bí wọ́n bá ní ó ti di ₦280,000, ₦280,000 ni èbù yín.

Àwọn tó kọ̀ láti ṣe ìṣirò yìí ní 2023 kò gbàgbé. Ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní ìparí May ọdún náà, náírà sì já wálẹ̀ ní June. Nígbà tó fi máa di June 2024, iye owó oúnjẹ ní Nàìjíríà ti fi ohun tó lé ní ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ọdún tó ṣáájú lọ, gẹ́gẹ́ bí àjọ oníṣirò orílẹ̀-èdè ṣe kéde rẹ̀. Ẹni tó tọ́jú owó àpò ajílẹ̀ mẹ́rin rí i pé kò ra mẹ́rin mọ́. Kò ná ìná àpà, kò sì sí olè tó jà á. Iye àná ló fi sílẹ̀ fún ọjà òní.

Ó wá ku ₦320,000. Inú èyí ni ìfipamọ́ ti ń jáde. Èrò tiwa, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí a ti ń bá àwọn ẹgbẹ́ ṣèpàdé, ni pé kí àgbẹ̀ yọ náírà méjì nínú mẹ́wàá ní ọdún tó lọ bó ṣe yẹ. Ìyẹn yóò jẹ́ ₦64,000. Ìyókù, ₦256,000, ni ti ilé. Bó bá ku oṣù mẹ́jọ kí owó mìíràn tó wọlé, ẹ pín in sí mẹ́jọ: ₦32,000 lóṣù kan. Ó lè má tó. Ṣùgbọ́n ó sàn kí ẹ mọ̀ lónìí pé kò tó ju kí ẹ mọ̀ ní oṣù karùn-ún lọ, nígbà tí gbèsè oníṣọ́ọ̀bù ti ga.

Bí kò bá tó ńkọ́? Ẹ dín ìfipamọ́ kù sí náírà kan nínú mẹ́wàá, kí ẹ sì wá nǹkan tó ń mú owó kékeré wọlé lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀: ẹ̀fọ́, ẹyin, gàrí tí ìyàwó àti àwọn ọmọ lè dín. Ẹ má fọwọ́ kan èbù. Ní ọdún tí ọjà bá sì ṣe yín lóore ju bí ẹ ṣe rò lọ, tí ẹ rò pé ẹ máa ta ₦600,000 tí ẹ sì ta ₦800,000, ẹ yọ ìdajì ₦200,000 tó fi lé yẹn pamọ́ kí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tó gbọ́. Mo mọ̀ pé ẹ máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

Ibo ni ìfipamọ́ náà ń lọ, ó tó mélòó kí ẹ tó sinmi? Ẹ máa lé e títí yóò fi tó iye tí ẹ lè fi dáko sáà kan pátápátá láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kí oúnjẹ oṣù mẹ́ta sì wà lórí rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé sáà kan lè ṣòfò pátá. Àìsàn ẹyẹ tí wọ́n ń pè ní bird flu wọ Nàìjíríà ní 2006. Ní January 2015 ó tún bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó àti Kano. Àgbẹ̀ lè ṣe gbogbo ohun tí a kọ́ ọ, kí adìẹ rẹ̀ ó sì lọ. Ẹni tí owó sáà kan wà nílẹ̀ fún yóò fọ ilé adìẹ rẹ̀, yóò dúró bí dókítà ẹran bá ṣe ní kó dúró tó, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò ní yóò ta ilẹ̀.

Owó ojoojúmọ́ yàtọ̀

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń yan ẹja tà ní ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ta ẹyin, ẹ̀yin aládìín gàrí, owó yín ń wọlé lójoojúmọ́, kò sì yẹ kí ẹ dúró de ìparí sáà. Àjọ ló bá yín mu. Ẹ mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo iye tó ń ná yín. Bí ẹ bá ń dá ₦1,000 lójúmọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́, ₦30,000 ni. Alájọ yóò mú ti ọjọ́ kan, ẹ óò gba ₦29,000. Owó ìtọ́jú ni ẹ san, kò sí èlé kankan. Èmi kò rí ohun tó burú níbẹ̀, torí ẹsẹ̀ alájọ tó ń wá bá yín ní ìsọ̀ ni ẹ ń sanwó fún. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ju oṣù kan lọ. Tí ẹ bá ti kó o, ẹ gbé e kúrò nílẹ̀.

Gbogbo wa la máa ń sọ pé orí ẹni pé bí ti alájọ Ṣómólú, tó ta mọ́tò tó fi ra kẹ̀kẹ́. Àwàdà ni ọ̀pọ̀ fi ń ṣe. Alájọ náà wà láyé ní tòótọ́; Alphaeus Taiwo Olunaike ni orúkọ rẹ̀, ó sì kú ní 2012. Ẹ wò ó dáadáa: mọ́tò kò lè wọ gbogbo ojúlé àti ọ̀nà tóóró tí àwọn oníbàárà rẹ̀ wà, kẹ̀kẹ́ lè wọ̀ ọ́. Ohun tó ń mú owó wọlé ló rà, kì í ṣe ohun tí ojú ń rí. Mo fẹ́ kí ẹ rántí rẹ̀ lọ́jọ́ tí ọkàn yín bá ń sọ pé kí ẹ fi owó ẹja ra ọkọ̀ àlòkù.

Èsúsú ní tirẹ̀ ti pẹ́ lọ́wọ́ wa; Samuel Johnson mẹ́nu bà á nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá ń dá ₦10,000 lóṣù, ẹnì kan yóò kó ₦100,000. Ohun tí àgbẹ̀ máa ń gbàgbé ni ìgbà. Ẹ bẹ̀bẹ̀ kí ìkó tiyín bọ́ sí February tàbí March, kí owó lè bá àgbàdo àkọ́rọ̀ nílẹ̀. Ìkó tó bọ́ sí December, aṣọ ọdún ni yóò jẹ.

Owó abẹ́ ẹní ńkọ́? Àwọn àgbà rántí 1984, nígbà tí ìjọba pààrọ̀ owó. Àwọn ọ̀dọ́ rántí January àti February 2023, nígbà tí wọ́n ní ₦200, ₦500 àti ₦1,000 àtijọ́ kò níí wúlò mọ́, tí owó tuntun kò sì tó. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá sí i ní ọjọ́ 3 oṣù March, ó ní kí wọ́n ṣì máa ná owó àtijọ́, ṣùgbọ́n ẹja tó bàjẹ́ nítorí pé kò sí ẹni tó ní owó lọ́wọ́ láti rà á kò padà di tútù. Owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì tó nílé.

Ní ti báńkì, ẹ bèèrè bóyá àjọ NDIC ń dáàbò bo owó tí ẹ fi síbẹ̀. Láti May 2024, bí báńkì ńlá bá kú, NDIC yóò san owó oníbàárà títí dé ₦5,000,000. Ní báńkì kéékèèké tí wọ́n ń pè ní microfinance, títí dé ₦2,000,000. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ní May 2023 wọ́n gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ báńkì microfinance 132, ní June 2024 wọ́n sì gba ti Heritage Bank. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù náà dára, mo sì fẹ́ràn orúkọ yẹn: ẹni tó jẹ tó sì ṣẹ́ kù. Ní ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹni tó ti dáwó fún ìgbà díẹ̀ lè yá ìlọ́po méjì owó rẹ̀ ní èlé tí kò gani lára. Ṣùgbọ́n NDIC kò dáàbò bo ẹgbẹ́. Ìwé ìṣirò ẹgbẹ́ ni ààbò yín. Bí akápò kò bá fẹ́ kí ẹ rí i, ẹ ti rí i.

Nítorí pé ọjà ń gbówó lérí, kò bọ́gbọ́n mu kí gbogbo èbù wà ní bébà owó. Bí ẹ bá ní ibi tó gbẹ, ẹ ra ajílẹ̀ àti oògùn apakoríko sáà tó ń bọ̀ nígbà tí kò sí ẹni tó ń rà á. Ẹ wo ọjọ́ tí oògùn yóò bàjẹ́ lára agolo rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Nígbà tí owó bá sọnù

Èmi tí mò ń kọ èyí náà ti ṣìnà rí. Ní 2019, ọ̀rẹ́ kan fi ilé-iṣẹ́ kan hàn mí lórí fóònù. Wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ ará ìlú láti fi sin adìẹ ẹlẹ́ran, wọ́n ní ₦100,000 yóò di ₦125,000 lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Èmi tó jẹ́ pé iṣẹ́ adìẹ ni mo ń kọ́ àwọn ènìyàn! Mo mọ iye oúnjẹ adìẹ. Mo mọ iye òròmọdìẹ tó máa ń kú. Tí àgbẹ̀ bá yóò fún mi ní ₦25,000, ilé-iṣẹ́ yóò mú tirẹ̀, wọn yóò san owó àwọn tó ń polówó fún wọn, àgbẹ̀ náà yóò sì jẹun, èló wá ni adìẹ yẹn gbọ́dọ̀ pa wọlé? Bí ọ̀kan nínú yín bá gbé ìṣirò yẹn wá bá mi, kíá ni mo máa sọ pé kò ṣeé ṣe. N kò ṣe é fún ara mi.

Mo fi ₦200,000 sí i. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà wọ́n kà ₦250,000 fún mi. Ẹ wá wo orí mi bó ṣe wú! Mo dá gbogbo rẹ̀ padà, mo sì fi ₦100,000 owó ilé-ìwé àwọn ọmọ lé e. Ní 2020 àrùn kòrónà dé, wọ́n ní ká ní sùúrù. Kọ́bọ̀ kan kò padà di òní. Ó pẹ́ tí mo ti ń sọ fún àwọn ènìyàn pé ₦350,000 ni mo pàdánù. Irọ́ ni. ₦300,000 ni mo pàdánù. ₦50,000 yẹn kò fìgbà kan jẹ́ tèmi. Ìyàwó mi ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, ó sì dùn mí.

Ohun tó pa mí gan-an ni sísan àkọ́kọ́ yẹn. Ó mú kí n rò pé ọgbọ́n ni mo fi ṣe é. Bákan náà ni ti MMM, tí Sergei Mavrodi ará Rọ́ṣíà gbé kalẹ̀. Ó ti kọ́kọ́ wó ní Rọ́ṣíà ní 1994, síbẹ̀ a gbà á tọwọ́tẹsẹ̀ ní Nàìjíríà títí ó fi ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn ènìyàn ní December 2016. Ìlérí rẹ̀ ni ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù kan. Ẹ bá mi ká lọ: ₦10,000 yóò di ₦13,000 ní oṣù kan, ₦16,900 ní oṣù méjì. Bí ẹ kò bá yọ nínú rẹ̀, yóò lé ní ₦230,000 lọ́dún kan, yóò sì lé ní ₦5,000,000 lọ́dún méjì. Irúgbìn wo ló ń so bẹ́ẹ̀? Owó ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni wọ́n ń san fún ẹni tó wà níwájú. Àwọn tó tètè jáde ń pe ara wọn ní ọlọ́gbọ́n títí di òní, àwọn ènìyàn sì tún wọ CBEX, tó wó ní April 2025.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí ẹ má fi ibi tí ọ̀rọ̀ já sí nìkan kọ́gbọ́n. Àìsàn ẹyẹ tó pa adìẹ kì í ṣe àṣìṣe àgbẹ̀. Pé gbogbo owó rẹ̀ wà lára adìẹ ni àṣìṣe. Ẹni tó gbin ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn tí ìjọba Ọbásanjọ́ gbé ètò ẹ̀gẹ́ kalẹ̀ ní 2002 kò ṣe ohun búburú. Ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn gbin ẹ̀gẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà láìbèèrè ẹni tí yóò rà á, ọjà kún, iye rẹ̀ wó lulẹ̀. Ẹni tó sọ pé "ẹ̀gẹ́ kò lérè" tó sì sá lọ sídìí ẹja nígbà tí gbogbo ènìyàn ń sá lọ síbẹ̀ kò kọ́ ẹ̀kọ́ kankan. Kì í ṣe ẹ̀gẹ́ ló jẹ̀bi.

Ẹ ra ìwé kékeré kan, èyí tí àwọn ọmọ fi ń kọ iṣẹ́ ilé-ìwé tó. Kí ẹ tó fi owó sí nǹkan tuntun, ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, ẹni tó sọ fún yín, ọ̀nà tí èrè yóò gbà wá, àti ọjọ́ tí ẹ retí rẹ̀. Bí ẹ kò bá lè kọ ọ̀nà tí èrè yóò gbà wá lédè tí ọmọ yín yóò yé, ẹ fi owó yín sápò. Lọ́jọ́ tí ẹ ní èrè yóò dé, ẹ padà sí ojú ìwé náà, ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, yálà ó dùn tàbí kò dùn. Mo ti ń ṣe é láti 2021. Ó ń ti èmi náà lójú nígbà mìíràn.

Ohun tuntun kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ o. Ẹ fi ìdá kékeré nínú ìfipamọ́ dán an wò, iye tó jẹ́ pé bó bá lọ, kò sí ẹni tí yóò sùn lébi nílé. Ọmọ ẹja ọgọ́rùn-ún méjì ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Bí owó bá sì ti sọnù, ẹ má yá owó láti fi lé e. Òkùtà kejì ni ẹni tó ń sáré lé owó tó sọnù máa ń fi ẹsẹ̀ kọ.

Bí àlejò kan bá wá sí ìpàdé yín pẹ̀lú ìlérí, ẹ bi í bóyá SEC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó irú òwò bẹ́ẹ̀, ti fún un ní ìwé àṣẹ, kí ẹ sì bèèrè lọ́wọ́ SEC fúnra yín. Òfin tuntun tí ìjọba fọwọ́ sí ní 2025 sọ pé ẹni tó bá ń fi owó Pọ́ọ̀lù san ti Pétérù báyìí lè san ó kéré tán ₦20,000,000 tàbí kó lọ ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Òfin yẹn dára, ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n tó lọ kò dá owó yín padà.

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ tó ń bọ̀, ẹ mú ìwé náà dání. Òṣìṣẹ́ ìmọ̀ràn àdúgbò yín yóò bá yín ṣírò ojú owó sáà tó ń bọ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú iye tirẹ̀. Ẹ wá kí ẹ tó ta irè oko, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá ná an tán. Ẹni tí kò lè kọ̀wé, kó mú ọmọ rẹ̀ tó wà ní ilé-ìwé wá. Ọmọ náà yóò kọ ọ́ fún un.